Ọjọ́ mẹ́ta ní Fife pẹ̀lú Màmá tí orúnkún ń dùn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ wa méjì. Ọ̀kan ti pé ọdún mẹ́tàlá, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Màmá ọkọ mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn, a sì fẹ́ mú wọn lọ sí Fife ní Scotland nígbà tí àwọn ọmọ bá gba ìsinmi ní ìparí oṣù karùn-ún. Orúnkún ń dun Màmá. Wọ́n lè rìn o, àmọ́ àtẹ̀gùn kò rọrùn fún wọn rárá. Àwọn ọmọ ní tiwọn fẹ́ rí ilé olódi àtijọ́, wọ́n sì ń fẹ́ rí ẹyẹ puffin. Sátidé, Sọ́ńdè àti Mọ́ńdè nìkan la ní, mọ́tò wa la sì máa gbé. Mo ti kọ orúkọ ibi mẹ́rìnlá sílẹ̀. Èwo ni kí n mú, èwo ni kí n fi sílẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ètò o, ẹ sì bá mi kí Màmá kú ewu ọ̀nà sílẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni mímú àlejò káàkiri Fife, ìbéèrè yín sì ni èyí tí mo fẹ́ràn láti dáhùn jù, torí ẹ sọ ti orúnkún kí ẹ tó sọ ti ibi tí ẹ fẹ́ lọ.

Ìwé ibi mẹ́rìnlá yẹn, ẹ ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Fife kéré lójú máàpù, àmọ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba etíkun rẹ̀ láti Kincardine dé Newburgh nìkan, máìlì 117 ni. Ẹni tó bá ní òun á rí gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta, inú mọ́tò ló máa lo ìsinmi rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ fi ṣètò yín: Sọ́ńdè, òkun, àti orúnkún Màmá. Màá ṣàlàyé.

Ní Sátidé, tí ẹ bá ti kúrò ní ẹ̀gbẹ́ Edinburgh, afárá Queensferry tí wọ́n ṣí ní 2017 lẹ máa gbà sọdá. Wọn kò gba owó níbẹ̀. Kí àwọn ọmọ wo ọwọ́ ọ̀tún: afárá ọkọ̀ ojú irin ńlá tó pupa yẹn, ọdún 1890 ni wọ́n ṣí i, láti 2015 ni UNESCO sì ti kà á mọ́ ogún gbogbo ayé.

Dunfermline ni kí ẹ kọ́kọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń sáré kọjá ibẹ̀ lọ sí St Andrews, ó sì máa ń dùn mí. Inú ṣọ́ọ̀ṣì àgbà ibẹ̀ ni wọ́n sin Ọba Robert the Bruce sí ní 1329, ìyẹn ọba tó ba àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà títí Scotland fi dá dúró. Ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, Melrose ni wọ́n gbé ìyẹn lọ. Abẹ́ àga ìwàásù ni ibojì náà wà, àwo idẹ ló bò ó. Kí àwọn ọmọ gbójú sókè wo ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì náà láti ìta: orúkọ ọba yẹn ni wọ́n fi òkúta gbẹ́ yí i ká, lẹ́tà ńláńlá. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ní àga tí Màmá lè jókòó sí kí wọ́n sì gbàdúrà díẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni ọgbà Pittencrieff wà, ìtàn ọgbà yìí ni mo sì máa ń sọ fún gbogbo ọmọdé tó bá tẹ̀ lé mi. Ọmọ ahunṣọ ni Andrew Carnegie, inú ilé kékeré kan nílùú yìí ni wọ́n bí i sí ní 1835. Ìlẹ̀kùn ọgbà náà kò ṣí sí i nígbà tó wà lọ́mọdé. Àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó bá onílẹ̀ fà á pé ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti dé ibi àwókù ilé àwọn mọ́ńkì, onílẹ̀ sì fòfin de gbogbo ẹbí náà. Ní 1848 wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà, ó di olówó ńlá nídìí irin. Ní 1902 ó ra gbogbo ilẹ̀ náà, nígbà tó di 1903 ó fi ta àwọn ará Dunfermline lọ́rẹ. Títí dòní, ọ̀fẹ́ ni wíwọlé.

Ọ̀kín wà níbẹ̀, Màmá á gbádùn ìyẹn. Wọn kì í dúró sínú ọgbà nìkan, wọ́n máa ń rìn dé àárín ìlú. Mo mú bàbá àgbà kan láti Ìjẹ̀bú-Òde débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kín kan dúró lórí ògiri, ó tan ìrù rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, bàbá náà ṣí fìlà fún un. Wọ́n ní ọba ẹyẹ ni, èèyàn kì í kọjá ọba láìkí i. Àwọn òyìnbó tó ń kọjá dúró, wọ́n ń wo àwọn méjèèjì.

Ihò àpáta kan tún wà nítòsí tí wọ́n ní Ayaba Margaret, tó kú ní 1093, máa ń gbàdúrà sí. Àtẹ̀gùn 87 ló sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀. Kí bàbá wọn mú àwọn ọmọ lọ. Ẹ̀yin àti Màmá, ẹ jókòó ti ọ̀kín.

Sọ́ńdè ni kí ẹ lọ sí St Andrews, ẹ má ṣe pààrọ̀ ọjọ́ yìí. Pápá gọ́ọ̀fù àtijọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, Old Course, wọn kì í gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ ní Sọ́ńdè, àfi bí ìdíje ńlá bá bọ́ sí i. Ọjọ́ yẹn, pápá di ti gbogbo èèyàn. Ẹ lè rìn lórí koríko náà dé afárá òkúta kékeré tí wọ́n ń pè ní Swilcan, kí ẹ ya fọ́tò. Ní ọjọ́ mìíràn, ẹ̀yìn okùn lẹ máa dúró sí, tí bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù á máa fò kọjá lórí yín. Etíkun West Sands wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá náà, iyanrìn rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi máìlì méjì. Bí òkun bá ti fà, iyanrìn tó tutù lẹ́bàá omi máa ń le, ó sì rọrùn fún ẹsẹ̀ Màmá ju èyí tó gbẹ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí àwókù kàtídírà. Wọ́n yà á sí mímọ́ ní 1318, ọba tí ẹ rí ibojì rẹ̀ lánàá sì wà níjokòó lọ́jọ́ náà. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tó tóbi tó o ní Scotland láyé ìgbà yẹn. Ògiri díẹ̀ àti koríko ló kù. Màmá lè rìn díẹ̀díẹ̀ láàárín rẹ̀.

Ilé olódi ìlú náà kò jìnnà, etí òkun gan-an ló wà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti lo àkókò. Ní oṣù kẹta 1546 wọ́n dáná sun oníwàásù Pùròtẹ́sítáǹtì kan, George Wishart, níwájú ibẹ̀. Kádínà David Beaton ló wà nídìí ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, àwọn ọkùnrin kan yọ́ wọ inú ilé olódi náà, wọ́n pa Kádínà, wọ́n fi òkú rẹ̀ kọ́ sójú fèrèsé, wọ́n sì tilẹ̀kùn mọ́rí. Gómìnà tó ń ṣàkóso Scotland nígbà náà dó tì wọ́n. Nígbà tí ògiri kò wó, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ihò gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé. Àwọn tó wà nínú gbọ́ ìró ọkọ́ lábẹ́ àpáta, àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ihò tiwọn láti lọ pàdé wọn.

Ihò méjèèjì ṣì wà, ẹ sì lè wọ inú wọn. Ihò àwọn tó wà nínú há, ó rẹlẹ̀, ó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, torí etí ni wọ́n fi ń wá ọ̀nà. Wọ́n á gbẹ́ síhìn-ín, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á fetí lélẹ̀, wọ́n á yà sọ́hùn-ún. Ẹ máa tẹ orí ba, ẹ máa gbọ́wọ́ lé àpáta tó tutù tó sì ń sun omi, lẹ́yìn náà ẹ máa dé ibi tí wọ́n ti dá a lu, ẹ ó sì bọ́ sí ihò àwọn tó dó tì wọ́n: ó fẹ̀, àgbàlagbà lè nàró nínú rẹ̀. Mo ti wọ ibẹ̀ láìmọye ìgbà, ara mi ṣì máa ń bù rìrì níbi tí méjèèjì ti pàdé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ á gbádùn rẹ̀ ju gbogbo yín lọ. Kí Màmá má ṣe wọ̀ ọ́. Àga wà níta tó kọjú sí òkun.

Nígbà tí ẹ bá ń padà, ẹ gba North Street, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì St Salvator ti yunifásítì. Lẹ́tà P àti H wà nílẹ̀ tí wọ́n fi òkúta tò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sun Patrick Hamilton, oníwàásù Pùròtẹ́sítáǹtì mìíràn, ní 1528. Èèwọ̀ ni fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: wọ́n ní ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ẹni tó bá sì ti ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, àfi kó lọ wẹ̀ ẹ́ nù nínú òkun ní ìdájí ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún. Ẹ sọ fún Màmá kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ẹ ò ní í ní láti ṣàlàyé púpọ̀.

Mọ́ńdè ni ti puffin. Ìlú Anstruther ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra lọ sí Isle of May, nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lórí omi. Kíkún àti fífà òkun ló ń pinnu aago tí wọ́n ń lọ, kì í ṣe aago kan náà lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ mọ aago yẹn kí ẹ tó fi ohunkóhun mìíràn sí ọjọ́ náà. Ẹ sì sanwó ààyè yín báyìí. Ìsinmi ọmọ iléèwé ni, ó máa ń kún. Àkókò yín dáa gan-an. Oṣù kẹrin ni ẹyẹ náà ń dé, bí oṣù kẹjọ bá ti wọlé, wọ́n ti padà sójú òkun. Inú ihò ilẹ̀ ni wọ́n ń yé sí, ẹsẹ̀ èèyàn sì lè wó ihò náà mọ́ ọmọ wọn, nítorí náà kí àwọn ọmọ má kúrò lójú ọ̀nà. Kí olúkúlùkù dé fìlà o! Ẹyẹ kan wà níbẹ̀, tern, tí kì í fẹ́ kí èèyàn sún mọ́ ẹyin rẹ̀. Ojú ọ̀nà gan-an ló ń yé sí, orí yín ló sì máa fẹnu sọ. Kò sí ṣọ́ọ̀bù ní erékùṣù náà. Ẹ gbé oúnjẹ àti omi dání.

Mi ò ní kí Màmá lọ. Ọkọ̀ ń mì, àtẹ̀gùn wà níbi tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, òkè sì ni gbogbo ibẹ̀. Kí ọ̀kan nínú yín dúró tì wọ́n ní Anstruther. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn apẹja wà létí èbúté, wọ́n á rí àwọ̀n, ọkọ̀ ojú omi, àti bí àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣe ń fi ọ̀bẹ la ikùn ẹja lọ́jọ́ pípẹ́. Màmá tó bá mọ ọjà ẹja á rí nǹkan sọ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹja díńdín àti ọ̀dùnkún gbígbóná létí omi.

Bí ìjì bá jà tí ọkọ̀ kò lọ, ẹ yí sí Falkland. Ààfin tí àwọn ọba ìdílé Stuart fi ń ṣọdẹ wà níbẹ̀, pẹ̀lú pápá tẹ́níìsì tí wọ́n kọ́ ní 1539. Òkè East Lomond wà lẹ́yìn ìlú gẹ́lẹ́ fún àwọn ọmọ tó fẹ́ gun nǹkan. Ilé àtẹ̀gùn púpọ̀ ni ààfin náà, àmọ́ ọgbà òdòdó rẹ̀ tẹ́jú.

Mo rò pé Culross wà nínú ìwé yín. Ó lẹ́wà púpọ̀, àmọ́ òkúta gbágungbàgun ni wọ́n fi tẹ́ òpópónà rẹ̀, ó sì da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀wọ̀n irin ti Elie náà, níbi tí èèyàn ti ń di ẹ̀wọ̀n irin mú rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, ẹ fi sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kódà bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá bá bẹ̀ yín. Èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo ti ka àkókò tí òkun máa kún ní ọjọ́ kejì mọ́ ti òní rí. A ti dé ìdajì ọ̀nà kí n tó rí i pé omi ti ń bo ìsàlẹ̀ ẹ̀wọ̀n. A yí padà kíá, ẹnikẹ́ni kò fara pa, àmọ́ láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ àkókò òkun sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi pẹ̀lú bírò kí n tó jáde nílé.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ní káàdì National Trust ní England, ẹ mú un dání: ó ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ibi tí National Trust for Scotland ń bójú tó, Falkland sì wà lára wọn. Ilé olódi St Andrews kò sí lábẹ́ wọn o, Historic Environment Scotland ló ni ìyẹn. Ẹ wo ìkànnì wọn ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ, torí wọ́n máa ń ti apá kan ibòmíràn pa láti yẹ òkúta ògiri wò kó má bàa wó lu èèyàn.

Ohun kan tó máa ń ya àwọn tó ń bọ̀ láti England lẹ́nu: òfin ilẹ̀ Scotland, láti 2003, fún gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti rìn lórí ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀, ì báà jẹ́ ti aládàáni. Ẹ má tẹ irè oko, ẹ má wọ àyíká ilé onílé, ẹ ti géètì padà bí ẹ ṣe bá a. Nítorí náà, bí àwọn ọmọ bá fẹ́ sáré lọ sórí òkè koríko kan lójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ.

Ẹ bá Màmá wá ẹ̀wù òtútù tó nípọn àti ìbọ̀sẹ̀, kódà bí tẹlifíṣọ̀n bá sọ pé oòrùn á ràn. Kùrukùru kan wà tí wọ́n ń pè ní haar, láti ojú òkun ló ti máa ń yí wọlé lọ́sàn-án gangan. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ò ní í rí ilé gogoro tí ẹ ń wò mọ́. Bó bá dé, ẹ wa mọ́tò kúrò létí òkun bíi máìlì mélòó kan, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá oòrùn lọ́hùn-ún. Ilẹ̀ kì í ṣú títí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́ lásìkò yẹn, ẹ ò ní láti kánjú.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi yẹn, ẹ gba ààyè lónìí. Ẹni mẹ́ta, kì í ṣe márùn-ún.