Èsì: Ọmọ ẹgbẹ́ ń kùn, wọn ò sì sọ̀rọ̀ nípàdé

Ẹ kú iṣẹ́ o, alága wa. Ẹ ní látìgbà tí ẹ ti kéde àfikún owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ń dá lóṣooṣù nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín ni wọ́n ti ń kùn, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ lọ kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ní tèmi, ohùn yín kọ́ ni ìṣòro. Wọ́n gbọ́ iye owó, wọn ò gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó jù wá lọ. Kí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bu owó lé owó orí nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera. Owó yẹn làwọn ará ìlú kọ́kọ́ rí, àwọn alátakò sì rí i sọ. Nínú ìbò àpapọ̀ 1954, ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC borí Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, ní Ìwọ̀ Oòrùn tó jẹ́ ilé rẹ̀. Ètò tó dáa mà ni o!

Nítorí náà, kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, ẹ lọ bá àwọn tó ń kùn jù ní ṣọ́ọ̀bù wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbèjà ara yín. Ẹ bi wọ́n léèrè, kí ẹ dákẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rù owó tó ti sọnù rí ló ń bà wọ́n. Nípàdé, kí akápò kọ́kọ́ ka iye tó wà ní báǹkì àti gbèsè tó wà níta, kí ẹ tó mẹ́nu ba àfikún. Ẹ sì dín ohùn gígùn tí ẹ ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kù. Àwọn ìyá tó ń tajà ò ráyè gbọ́ ọ.