Ǹjẹ́ ipò obìnrin nínú The Taming of the Shrew, eré orí ìtàgé Shakespeare, ṣì bá ayé òde òní mu?

Kò bá a mu mọ́, pàápàá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Shakespeare ti kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 1590 sí 1592. Nínú eré náà, Baptista, bàbá Katherina tí wọ́n ń pè ní aláriwo, àti Petruchio tó fẹ́ fi í ṣaya, ti dúnàádúrà tán lórí owó tó máa bá Katherina lọ sílé ọkọ, kí òun àti Petruchio tó fojú kan ara wọn.

Ibi tó máa ń dùn mí jù ni ilé Petruchio. Ebi ń pa ìyàwó, wọ́n gbé ẹran wá, ọkọ ní ó ti jóná, ó dà á nù. Kò jẹ́ kó sùn. Nígbà tó yá, bí ọkọ bá pe oòrùn ní òṣùpá, ìyàwó á ní bẹ́ẹ̀ ni. Eré ẹ̀rín ni wọ́n pe èyí o! Láti ọdún 2015, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ka fífi irú ìnira bẹ́ẹ̀ darí ọkọ tàbí aya sí ẹ̀ṣẹ̀. Òfin ọdún 1882 náà ti jẹ́ kí obìnrin tó lọ́kọ ní dúkìá tirẹ̀.

Ohun tí kò tíì yí padà tán ni pé obìnrin tó bá sọ tinú rẹ̀ ṣì ń gba orúkọ aláriwo. Petruchio pariwo ju Katherina lọ, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n tọ́ ọ sọ́nà.