Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọkọ̀ Ìje Kékeré Orí Pápá Eléèpẹ̀

Àkọsílẹ̀ ráńpẹ́ tí a ṣe nípa ọkọ̀ ìje kékeré tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní midget ti fa lẹ́tà wọlé. Èyí tó pọ̀ jù wá láti Èkìtì, lọ́wọ́ àwọn tó ń fọwọ́ kan irin. Díẹ̀ rèé nínú wọn.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Níbo gan-an ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi sọ pé ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà ni, mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. (Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, Adó-Èkìtì)

Ìwọ lo jàre. Ìpínlẹ̀ California ló ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, lọ́dún 1933. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún náà ni ìdíje ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ Loyola ní Los Angeles, lábẹ́ ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní Midget Auto Racing Association. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà náà. Ọkọ̀ ìje ńlá gbówó lórí, pápá rẹ̀ sì sábà máa ń tó ìdajì máìlì tàbí máìlì kan gbáko. Ọkọ̀ kékeré ní tirẹ̀ lè díje lórí ọ̀nà táwọn sárésáré ń lò yí pápá bọ́ọ̀lù ká, láàárín ìlú, lálẹ́ lábẹ́ iná, kí òṣìṣẹ́ lè wá wò ó lẹ́yìn iṣẹ́. Lọ́dún 1934, Earl Gilmore tó ń ta epo rọ̀bì kọ́ Gilmore Stadium nítorí ọkọ̀ yìí gan-an. Ibi tí pápá náà wà ni ilé tẹlifíṣàn CBS gbà lẹ́yìn tí wọ́n wó o.

Kò pẹ́ tó fi ré òkun kọjá. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá 1934, wọ́n gbé e díje ní Olympic Park ní Melbourne, ní Ọsirélíà; ó dé New Zealand ní 1937. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, alùpùpù ló ti kọ́kọ́ gba pápá eléèpẹ̀, láti 1928. Orí irú pápá bẹ́ẹ̀ ni Harry Skirrow ará Ambleside gbé ọkọ̀ tirẹ̀ lé: ẹ́ńjìnnì alùpùpù JAP oní-sílíńdà méjì, ṣéènì síwájú, ṣéènì sẹ́yìn, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń fà. Ní oṣù keje 1942 ìjọba Amẹ́ríkà dá gbogbo ìje ọkọ̀ dúró nítorí ogun, kí táyà àti epo má baà ṣòfò. Ọdún 1945 ni wọ́n padà sẹ́nu rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì wo ni wọ́n ń lò? Wọ́n ní kò ní kílọ́ọ̀ṣì, kò ní sítátà. Báwo ló ṣe ń ṣíná? (Mẹkáníìkì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

Ohun tó bá wà lọ́wọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan lo ẹ́ńjìnnì alùpùpù: Harley-Davidson, Indian, tàbí Henderson oní-sílíńdà mẹ́rin. Àwọn mìíràn yọ ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ ojú omi, Elto 4-60, sílíńdà mẹ́rin, bíi cc 980. Agbára wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi odò ló ń tù ú nígbà tó wà níbi tí wọ́n ṣe é fún. Lórí ilẹ̀, omi inú táǹkì kékeré ló kù fún un, kì í sì í pẹ́ tó fi ń hó.

Lọ́dún 1934 ni Offenhauser dé. Fred Offenhauser ló ṣe é, Leo Goossen ló yàwòrán rẹ̀: sílíńdà mẹ́rin, cubic inch 97, ìyẹn bíi cc 1,590, pẹ̀lú kámúṣáfù, ọ̀pá tó ń ṣí fáfù, méjì lókè. Ìje nìkan ni wọ́n torí rẹ̀ rọ ọ́, ó sì hàn. Owó rẹ̀ ni kò jẹ́ kó kárí. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a padà sí Ford V8-60 tó jáde ní 1937: sílíńdà mẹ́jọ, mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, cubic inch 136, agbára ẹṣin 60 bó ṣe ti ilé iṣẹ́ dé. Ẹ̀yin mẹkáníìkì á fẹ́ mọ àìsàn tirẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, sílíńdà méjì tó wà láàárín ń pín ojú ihò sàlẹ́ńsà kan ṣoṣo lò, èéfín gbígbóná sì ń gba inú búlọ́ọ̀kù kọjá kó tó bọ́ síta. Omi rẹ̀ ò ṣe ní tètè gbóná?

Ní ti ara ọkọ̀, Frank Kurtis ni ọ̀gá. Lẹ́yìn ogun, ilé iṣẹ́ rẹ̀, Kurtis Kraft, ṣe ọkọ̀ kékeré tó lé ní 500 ní àṣepé, ó sì tún ń ta ẹ̀yà rẹ̀ lọ́tọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tò ó fúnra rẹ̀.

Ẹ ò gbọ́ irọ́ nípa kílọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pá kan ni awakọ̀ fi ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ àsẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn tàbí tó fi ń já a. Yóò so ó pọ̀, yóò fọwọ́ pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ sínú táǹkì epo tó wà ní ìdí ọkọ̀ kí epo lè máa wá síwájú, ọkọ̀ mìíràn yóò sì máa tì í látẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ á wà lára géèjì ọ́ìlì. Ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gòkè ni yóò tó tan mágínẹ́tò, ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná. Ẹni tó bá kánjú tan án kí ọ́ìlì tó dé orí bẹ́rín-ìn ń pe nọ́ọ̀kì wá sílé ni. Ẹni tó bá sì ṣí epo sílẹ̀ pẹ́ jù nígbà tí wọ́n ń tì í, epo á fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà, á sì ṣàn lọ ba ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ jẹ́. Bí ọkọ̀ bá yí po tó sì kú láàárín ìje, àfi kí wọ́n tún wá tì í.

Mo rí àwòrán rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún tóbi ju ti òsì lọ. Ṣé wọ́n ṣì í gbé sí i ni? (Vọ́kánáísà, Ìjerò-Èkìtì)

Wọn ò ṣì í gbé. Òsì nìkan ni wọ́n ń yà sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àsẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn kò sì ní difurẹ́ńṣà, ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí táyà kan lè yí ju èkejì lọ, nítorí náà iye ìgbà kan náà ni táyà méjèèjì ń yí, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ti apá ọ̀tún ló gùn jù ní kọ́nà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mítà 30 láti àárín kọ́nà dé àárín ọkọ̀, tí táyà méjèèjì sì fi mítà 1.2 jìnnà síra, mítà 29.4 ni ti òsì jìnnà sí àárín kọ́nà, ti ọ̀tún jẹ́ 30.6. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi 4 nínú 100. Bí okùn tí ẹ fi yí táyà òsì po bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 180, ti ọ̀tún yóò jẹ́ bíi 187.

Okùn ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ má wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára táyà, nítorí táyà méjì tó ní nọ́ńbà kan náà lè má dọ́gba, atẹ́gùn tí ẹ bá sì fẹ́ sí i tún ń yí i padà. Bí ìyàtọ̀ bá kéré jù, imú ọkọ̀ á kọ̀ láti yà, á kọrí sí ògiri. Bó bá pọ̀ jù, ọkọ̀ á máa fà sósì lójú ọ̀nà tààrà, ìdí rẹ̀ á sì máa yọ̀ jù ní kọ́nà.

Ilẹ̀ pupa ló wà lọ́dọ̀ wa. Ṣé a lè fi ṣe pápá ìje, àbí ká tọrọ pápá ìṣeré Olúyẹmí Káyọ̀dé ní Adó? (Ọ̀dọ́ kan, Ọyẹ́-Èkìtì)

Ẹ fi pápá ìṣeré sílẹ̀ fún àwọn sárésáré. Ilẹ̀ pupa dára bí amọ̀ inú rẹ̀ bá tó. Èyí tó kún fún yangí ni kò dára, nítorí táyà á máa sọ ọ́ lu ojú ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fi omi pò ó, kí ẹ sì yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ títí yóò fi tín-ín-rín bíi pẹ́ńsù. Bó bá ń já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ẹ wá amọ̀ kún un.

Ìdá kan nínú márùn-ún máìlì, ìyẹn bíi mítà 320, tó. Ẹ ṣa òkúta, ẹ tẹ́ ilẹ̀ alámọ̀ náà nípọn bíi sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ sì fi rólà tẹ̀ ẹ́. Omi ni iṣẹ́ tó kù, òun ló sì ń ba pápá jẹ́ jù. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní wákàtí tí ìje fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹrẹ̀ ni yóò wà lókè, abẹ́ á gbẹ, táyà á sì bó o bí ẹni bó iṣu sísè. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa wọ́n ọn láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó lè mu wọ inú. Lásìkò ọyẹ́, ẹ má tilẹ̀ dán an wò bí kò bá sí tánkà omi nítòsí: eruku á bo awakọ̀ lójú, ẹ̀yìn eruku ni ìkọlù sì wà.

Ògiri ṣe pàtàkì ju ilẹ̀ lọ. Ní Nutley, New Jersey, wọ́n gbé ọkọ̀ yìí díje ní 1938 àti 1939 lórí pápá pákó tí wọ́n kọ́ fún kẹ̀kẹ́, tó dagun gan-an. Àwọn awakọ̀ kú níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí òǹwòran dúró síbi tí kọ́nà ti parí, kódà bí ẹ bá ní ògiri.

Ṣé òótọ́ ni pé ọtí ni wọ́n ń rọ sí i? (Olùkọ́, Ìkọ̀lé-Èkìtì)

Mẹ́tánọ́ọ̀lù ni, kì í ṣe ohun mímu. Ó ń tu ẹ́ńjìnnì nínú, nítorí náà wọ́n lè fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ gan-an nínú sílíńdà láìsí pé ẹ́ńjìnnì ń nọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun: pẹtiróòlù kílò kan nílò afẹ́fẹ́ kílò 14.7, mẹ́tánọ́ọ̀lù kílò kan kò nílò ju 6.4 lọ, èyí túmọ̀ sí pé epo tí ẹ ó rọ á ju ìlọ́po méjì lọ, ihò jẹ́ẹ̀tì kàbúrétọ̀ náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ sí i. Ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ó ń jẹ alumíníọ́mù. Bí ìje bá parí, wọ́n á fi pẹtiróòlù ṣan án jáde. Iná rẹ̀ kì í hàn ní ọ̀sán, omi ni wọ́n fi ń pa á. Májèlé sì ni: ẹ rántí Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2015, ibi tí ògógóró tó ní mẹ́tánọ́ọ̀lù nínú ti pa èèyàn.

Ṣé ọkọ̀ kékeré yìí lè na ọkọ̀ Formula 1? (Awakọ̀ takisí, Adó-Èkìtì)

Ibi tí wọ́n bá ti pàdé ló máa sọ ọ́. Lọ́dún 1959, Rodger Ward, awakọ̀ ará Amẹ́ríkà, gbé ọkọ̀ kékeré Kurtis tó ti gbó lọ sí Lime Rock ní Connecticut, pápá kúkúrú tó kún fún kọ́nà, ó sì na àwọn ọkọ̀ olówó ńlá láti Yúróòpù. Ó ṣe é bí eré, ó gbé e lọ sí Grand Prix Amẹ́ríkà, ìyẹn ìje Formula 1, ní Sebring lóṣù kejìlá ọdún kan náà. Òun ló gbẹ̀yìn nígbà tí wọ́n ń to ipò, ọkọ̀ náà kò sì parí ìje. Lójú tiwa, kì í ṣe àbùkù fún un. Ọ̀nà tó gùn tó sì ń yà sọ́tùn-ún kọ́ ni wọ́n ṣe é fún.

Ṣé go-kart àti ọkọ̀ yìí jẹ́ nǹkan kan náà? (Ìyá ọlọ́mọ kan, Ìlawẹ̀-Èkìtì)

Rárá, ìyá wa, ṣùgbọ́n ọmọ ilé kan náà ni wọ́n. Òṣìṣẹ́ Kurtis Kraft ni Art Ingels tó ṣe kart àkọ́kọ́ ní California ní 1956, ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko ló sì gbé sí i. Bí ọmọ yín bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni kó kọ́kọ́ jókòó sí.