Hááfù Pulọ́ọ̀tì, Ẹ̀rọ Wáàtì 100: Áńtẹ́nà Wo Ni Kí N Gbé Sókè?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkóbọ̀ ní Ìbàdàn ni mò ń gbé. Mo ti gba ìwé àṣẹ rédíò amatọ̀, àmì ìpè mi tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N ti jáde, mo sì ti ra ẹ̀rọ wáàtì 100 tí ẹnì kan ti lò. Owó tó kù lọ́wọ́ mi kò pọ̀. Ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún mi ní àfi kí n ra òpó irin gíga àti áńtẹ́nà Yagi ẹlẹ́ka mẹ́ta (irú tó rí bí ti tẹlifíṣọ̀n orí òrùlé), pé bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn mi ò ní kọjá Ṣàgámù. Ilé ilẹ̀ ni mo kọ́ sórí hááfù pulọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 50, páànù alumíníọ̀mù ló wà lórí rẹ̀. Sólà àti ínfátà là ń lò. Nígbà tí mo so wáyà kan mọ́ fèrèsé láti dán ẹ̀rọ náà wò, ariwo ṣáá ni mò ń gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Manchester náà ní ìwé àṣẹ, òun gan-an ni mo fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè kó o tó náwó. Má ra òpó yẹn. Wáyà bàbà tí wọ́n ń fi wáyà ilé, páìpù onírin méjì, okùn àti kébù tó dáa yóò gbé ohùn rẹ dé Manchester. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà rẹ tó o sọ bí ẹni pé kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ: ariwo ṣáá lò ń gbọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Rédíò tí àwọn bàbá wa mọ̀, asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n pè é, torí pé ó ń sọ, kì í gba èsì. Tìrẹ ń gba èsì. Ẹni tó ń pè ọ́ láti òkèèrè lè má ní ju wáàtì 20 lọ. Bó o bá jókòó sáàárín ariwo, yóò pè ọ́ títí, o ò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni pè. Áńtẹ́nà ńlá tó o bá sì gbé sórí ilé tó ń pariwo, ariwo yẹn náà ni yóò máa gbé wọlé.

Wo ìṣirò rẹ̀. Lójú ẹ̀rọ rẹ, òdiwọ̀n kan wà tí wọ́n kọ S sí, láti 1 dé 9. Láti nọ́ńbà kan sí èkejì jẹ́ decibel 6, òdiwọ̀n tí a fi ń fi agbára méjì wéra. Yagi ẹlẹ́ka mẹ́ta tó dára máa ń fi nǹkan bíi decibel 5 lé ohun tí wáyà dipole lásán (wáyà alápá méjì tí kébù so mọ́ láàárín) ń ṣe. Nọ́ńbà S kan péré kò pé nínú gbogbo owó tí wọ́n ní kó o ná. Bí ariwo ilé rẹ bá wà ní S7, tó o sì mú un wálẹ̀ sí S3, nọ́ńbà mẹ́rin lo jèrè nínú ìgbọ́ràn, tí o ò gbé irin kankan dúró.

Bó o ṣe máa wá a rèé. Ṣe é ní ọ̀sán gangan, kì í ṣe lálẹ́, torí kọ̀ǹtírólà sólà kì í pariwo bí oòrùn ò bá sí lórí páálì. So ẹ̀rọ rẹ mọ́ bátìrì fólítì 12 tààrà, wo ibi tí abẹ́rẹ́ S dúró sí lórí 7 MHz, kó o wá pa gbogbo iná ilé: NẸ́PÀ, ínfátà, kó o sì yọ wáyà páálì sólà kúrò nípasẹ̀ súìṣì rẹ̀. Tún wo abẹ́rẹ́ náà. Bó bá já wálẹ̀, inú ilé rẹ ni ariwo ti ń wá, ọwọ́ rẹ sì ni àtúnṣe rẹ̀ wà. Máa tan wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn ilé tí mo ti bá èèyàn wá a, kọ̀ǹtírólà sólà ló máa ń kọ́kọ́ yọjú, lẹ́yìn rẹ̀ gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú, lẹ́yìn ìyẹn ṣájà fóònù. Gílóòbù àti ṣájà, pààrọ̀ wọn. Ti kọ̀ǹtírólà gba sùúrù. Wáyà méjì tó ń ti orí páànù bọ̀, lọ́ wọn mọ́ra bí okùn, torí bí wọ́n bá ti ya ara wọn, wọ́n ti di áńtẹ́nà fún ariwo náà nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ki wọ́n bọ inú òrùka ferrite (òrùka dúdú tó ń dí ariwo lọ́nà), irú tí wọ́n ń pè ní mix 31, kí wọ́n yí i ká bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà sí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, létí páálì àti létí kọ̀ǹtírólà. Bí ìyẹn náà kò bá parí rẹ̀, pa súìṣì páálì fún wákàtí kan tó o fẹ́ fi sọ̀rọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ti aládùúgbò ni, gbé rédíò kékeré tó ń gba AM dání lọ kí wọn, jẹ́ kí wọ́n fetí ara wọn gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ kì í sábà bínú.

Ó wá ku áńtẹ́nà. Ìgbì rédíò ń rin kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà, bó o bá fi MHz pín 300, o ti rí gígùn ìgbì ní mítà. Ti 7.1 MHz lé díẹ̀ ní mítà 42. Báńdì mítà 40 ni wọ́n ń pè é. Ìdajì ìgbì ni dipole, ṣùgbọ́n wáyà máa ń kúrú díẹ̀ sí ìdajì gan-an, ìdí nìyẹn tí a fi ń lo 143 dípò 150. Fi 7.1 pín 143, mítà 20 àti díẹ̀ ló jẹ́, apá kọ̀ọ̀kan mítà 10.

Ilẹ̀ rẹ kò ju nǹkan bíi mítà 15 sí 15 lọ, mítà 20 kò lè nà tọọrọ níbẹ̀. Kò pọn dandan kó nà. Gbé àárín rẹ̀ sókè, kí apá méjèèjì máa dà wálẹ̀ bí òrùlé. Inverted V lorúkọ rẹ̀. Bí àárín bá ga tó mítà 9, tí ìparí kọ̀ọ̀kan sì wà ní mítà 3 sókè, mítà 16 péré ló máa gbà láti orí dé orí. Ìlà láti igun dé igun hááfù pulọ́ọ̀tì rẹ tó mítà 21. Ó wọ̀ ọ́, ààyè okùn sì tún kù. Fún òpó, páìpù onírin tí wọ́n ń tà ní mítà 6 mítà 6 ni kó o rà, kí ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́ kó lè wọnú èkejì, kó o dè é mọ́ ògiri ilé níbi tó bá súnmọ́ àárín ilẹ̀ jù. Kí okùn tó di orí wáyà mú jẹ́ ti ike, kí gígé páìpù omi oníke tí o lu ihò méjì sí wà láàárín wáyà àti okùn.

Kí o tó gbẹ́ ihò kan ṣoṣo, gbé ojú sókè kó o wo wáyà NẸ́PÀ. Bí páìpù náà bá ṣubú síhà ibikíbi, kò gbọdọ̀ kàn án. Bí wáyà NẸ́PÀ bá sì já, kò gbọdọ̀ bọ́ sórí áńtẹ́nà rẹ. Bí kò bá sí ibi tó bá èyí mu nínú ọgbà rẹ, sọ òpó di kúkúrú. Mi ò ní gba àwíjàre kankan lórí èyí.

Wáyà mm 2.5 tàwọn oníná tó. Gé apá kọ̀ọ̀kan ní mítà 10 àti ààbọ̀, gbé e sókè, kó o wọn SWR, ìyẹn òdiwọ̀n tó ń fi hàn bí agbára tó ń padà láti áńtẹ́nà ṣe pọ̀ tó. Ibi tó ti kéré jù yóò bọ́ sísàlẹ̀ báńdì, níbi 6.8 MHz tàbí kó tún rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i, torí rọ́bà ara wáyà àti páànù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bó o bá dín apá kọ̀ọ̀kan kù ní sẹ̀ǹtímítà 10, yóò gòkè ní nǹkan bíi kHz 70. Má gé e. Ká ìparí rẹ̀ padà, kó o lọ́ ọ mọ́ ara wáyà. Bákan náà ló ń ṣiṣẹ́, bó o bá sì ṣì í, wàá tú u. Tó bá ti dé 1.5, sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà. Ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló ń padà wá níbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ ọ́n lára ní Manchester.

Lára àárín kan náà, so apá méjì mìíràn mọ́ ọn fún 14 MHz, mítà 5 àti díẹ̀ lápá kọ̀ọ̀kan. Jẹ́ kí ìparí wọn jìnnà sí ti àwọn gígùn ní mítà kan, ó kéré tán. Kébù kan, báńdì méjì. Lórí 7 MHz lọ́sàn-án, áńtẹ́nà tó wà nílẹ̀ báyìí ń ju ìgbì sókè gan-an, ionosphere (ìpele kan lókè òfuurufú) á sì dá a padà sílẹ̀ yí ọ ká: Èkó, Àkúrẹ́, Ìlọrin. 14 MHz ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ, torí ibi tó wà lé ní kìlómítà 5,000. Wáyà gígùn yẹn tún sún mọ́ 21 MHz, ìlọ́po mẹ́ta 7. Kò ní bá a mu rẹ́gí, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ rẹ bá ní tuner (ohun tó ń mú ẹ̀rọ àti áńtẹ́nà bára mu), yóò parí èyí tó kù. Báńdì yẹn kì í ṣe ohun tí à ń fojú di lásìkò yìí: NASA àti NOAA kéde ní October 2024 pé oòrùn ti dé téńté ìyípo rẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àwọn báńdì òkè sì ń gbádùn irú ìgbà bẹ́ẹ̀.

Orí wáyà ni fólítì ti máa ń ga jù. Bó o bá ń tú wáàtì 100 jáde, ọgọ́rọ̀ọ̀rún fólítì ló wà níbẹ̀, ó sì ń jó èèyàn. Mítà 3 tí mo sọ yẹn, torí ọmọdé ni.

Kébù ohm 50 ni kó o rà, kì í ṣe ti tẹlifíṣọ̀n. Fún mítà 20 lórí 14 MHz, RG-58 ń jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ. RG-213 ń jẹ bí ìdajì ìyẹn. Nísàlẹ̀ àárín áńtẹ́nà gan-an, yí kébù náà ká páìpù oníke ínǹṣì 4 bí ẹ̀ẹ̀méjìlá. Ìyẹn kì í jẹ́ kí ara kébù di apá kẹta áńtẹ́nà, tí yóò máa kó ariwo inú ilé rẹ gòkè.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí omi ṣe fún mi. Áńtẹ́nà mi àkọ́kọ́, tépù dúdú àwọn oníná nìkan ni mo fi wé ojú ibi tí kébù ti pàdé wáyà. Òjò March rọ̀, ti June rọ̀. Nígbà tó fi máa di September, SWR mi dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, 1.2 lórí gbogbo báńdì, inú mi sì ń dùn. Ṣùgbọ́n àwọn tó máa ń dá mi lóhùn kò gbọ́ mi mọ́. Mo sọ áńtẹ́nà náà kalẹ̀, mo fi ọ̀bẹ la rọ́bà kébù. Bàbà wíwun tó yẹ kó máa dán ti dúdú bí ìdí ìkòkò, nígbà tí mo fi ìka fún un, omi kán sí mi lọ́wọ́. Mo gé mítà mẹ́ta dànù kí n tó rí ibi tí bàbà ti pupa. Kébù tó ti mumi ń jẹ agbára lọ, ó ń jẹ ẹ́ bọ̀. Èyí tó yẹ kó padà wá sọ́dọ̀ SWR ti kú sọ́nà, ohun tó mú kó lẹ́wà lójú nìyẹn. Nítorí náà, fi òjé yíyọ́ (solder) lẹ ojúkò náà, gé tíúbù kẹ̀kẹ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́, máa nà án bó o ṣe ń wé e láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kó o wá fi tépù bò ó, torí oòrùn máa ń jẹ rọ́bà. Níbi tí kébù bá ti fẹ́ wọlé, jẹ́ kó kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ fèrèsé kó tó gòkè wọlé, kí omi lè kán sílẹ̀ níta.

Ti iná: ẹ̀rọ wáàtì 100 ń fẹ́ fólítì 13.8, ó sì ń fa ohun tó lé ní ampere 20 nígbà tó o bá ń sọ̀rọ̀. Bátìrì ínfátà rẹ dára fún un, bó bá jẹ́ fólítì 12. Bó bá jẹ́ 24 tàbí 48, má so ó mọ́ ọn rárá, yóò jó ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀. Wá bátìrì 12 tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wáyà mm 6, tí kò gùn ju mítà 2 lọ, fíúsì ampere 25 létí bátìrì.

Kan ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀ nídìí páìpù náà, kó o so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú wáyà tó sanra, kó o sì so ó pọ̀ mọ́ áàtì ilé. Ṣùgbọ́n má gbára lé e. Bó o bá ti rí i tí òjò ń ṣú láti ìlà-oòrùn, yọ kébù lẹ́yìn ẹ̀rọ, jù ú síta lójú fèrèsé. Má fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Àrá tí kò tilẹ̀ kan ilé rẹ lè rán iná tó tó ba ẹ̀rọ jẹ́ wọnú wáyà mítà 20. Bó o bá ń jáde nílé láàárín March sí October, yọ ọ́ kó o tó jáde.

Ọjọ́ tó o bá parí rẹ̀, má tíì pe ẹnikẹ́ni. Lọ sí 14.100 MHz, yí ẹ̀rọ sí CW (ti àmì Morse), kó o gbọ́. Ibùdó 18 ni NCDXF àti IARU, ẹgbẹ́ àwọn oní-rédíò amatọ̀, tò kalẹ̀ káàkiri ayé, wọ́n ń gba afẹ́fẹ́ náà lọ́wọ́ ara wọn ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fi ń yí po. Ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò pe orúkọ ara rẹ̀, yóò wá fa ohùn gígùn mẹ́rin: wáàtì 100, wáàtì 10, wáàtì 1, àti ìdá mẹ́wàá wáàtì kan. 5Z4B wà ní Kenya, ZS6DN ní South Africa, 4X6TU ní Ísírẹ́lì, CS3B ní erékùṣù Madeira, OH2B ní Finland. Bó o bá gbọ́ ohùn gígùn kejì OH2B, wáàtì 10 láti Finland lo gbọ́ yẹn, lórí wáyà tó o fọwọ́ ara rẹ gé.

Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó o máa kọ wákàtí sílẹ̀. Wákàtí tí CS3B àti OH2B bá jọ ń wọlé dáadáa ni kó o fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ, kí ẹ jọ mú ibì kan lórí 14 MHz. Bí abẹ́rẹ́ S bá sì kọ̀ tí kò wálẹ̀ lẹ́yìn tó o ti pa gbogbo nǹkan, kọ̀wé sí mi padà, kó o sọ irú kọ̀ǹtírólà tó wà lára sólà rẹ àti iye mítà tó wà láàárín páálì àti àárín áńtẹ́nà.