Kókó tí kò yọ lára gbòǹgbò sóyà

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ẹ ní ẹ fa igi sóyà yín tu lóko ọ̀nà Ìkìrun, ẹ ò rí kókó kankan lára gbòǹgbò rẹ̀, ẹ wá ń béèrè bóyá ayédèrú ni lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n tà fún yín láti pò mọ́ irúgbìn kí gbòǹgbò lè yọ kókó. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà ní Ìdó-Ọ̀ṣun, odindi ọdún kan ló sì bá a lọ kí n tó mọ ohun tí mo ṣe.

Ohun ẹlẹ́mìí ló wà nínú ọ̀rá yẹn. Bakitéríà ni. Wọ́n máa ń wọnú gbòǹgbò sóyà, wọ́n á sọ ibẹ̀ di ilé, ilé yẹn ni kókó, wọ́n á máa fa náítrójìn inú afẹ́fẹ́, èròjà tó ń bọ́ ewéko, fún un. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti tọ́ bakitéríà inú ọ̀rá, omi kì í gbẹ. Èmi gbé wọn lọ sóko lẹ́yìn òjò kan ṣoṣo. Mo fi omi ṣúgà po lẹ́búlẹ́bú náà mọ́ irúgbìn, mo tẹ́ ẹ sóòrùn kó gbẹ, mo gbìn ín lọ́sàn-án gangan. Ọjọ́ mọ́kànlá ni òjò ò fi rọ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ewé ti ń pọ́n, gbòǹgbò ń jọ̀lọ̀ láìní kókó kan.

Ẹ wá wo àwọn bakitéríà tó ti wà nínú ilẹ̀ Òṣogbo tẹ́lẹ̀. Lọ́dọọdún ni ọyẹ́ ń fẹ́ lé wọn lórí, tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ń yan ilẹ̀ bí ẹ̀pà, tí òjò á tún ya lù wọ́n lójijì. Ìyípadà yẹn gan-an ló le jù. Bí ilẹ̀ bá ń gbẹ, bakitéríà á kó èròjà tó ń di omi mú pamọ́ sára. Tí òjò bá dé, omi á rọ́ wọnú rẹ̀. Èyí tí kò bá tètè tú ohun tó kó pamọ́ dànù, ńṣe ló máa bẹ́. Èyí tó la méjèèjì já ló ń bímọ. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń wọ èèpo líle, wọ́n á sùn títí ilẹ̀ á fi rin. Òórùn ilẹ̀ tí a ń gbọ́ nígbà àkọ́rọ̀, bakitéríà ló ń ṣe é.

Kì í sì í pẹ́ kí ìran wọn tó yí padà. Lọ́dún 1998, Rainey àti Travisano, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Oxford, fi hàn pé bakitéríà kan náà, tí wọ́n sìn sínú ìgò tí wọn ò mì, pín sí oríṣi mẹ́ta láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èyí tí wọ́n ń mì ò pín, torí ibi gbogbo nínú rẹ̀ rí bákan náà. Ìgò lásán nìyẹn o, ká má tíì sọ ebè tí orí rẹ̀ gbóná janjan tí ìdí rẹ̀ tutù.

Àwọn IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà n'Ìbàdàn, gba ọ̀nà mìíràn. Sóyà gan-an ni wọ́n tún ìran rẹ̀ ṣe, kó lè gba bakitéríà ilẹ̀ wa tó ti ń bá ẹ̀wà ṣe. Orúkọ àwọn sóyà náà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TGx. Òun ni mo ń gbìn báyìí. Tí mo bá fẹ́ fi lẹ́búlẹ́bú kún un, abẹ́ igi ni mo ti ń pò ó, mo sì ń dúró kí òjò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Kí ẹ tó dá ẹni tó tà á lẹ́bi, ẹ má fa igi tu mọ́, kókó máa ń já sílẹ̀. Ẹ fi ọkọ́ wà á tìlẹ̀tìlẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ fi èékánná la kókó tí ẹ bá rí. Bí inú rẹ̀ bá pupa, ó ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ sì sọ fún wa: lẹ́yìn tí ẹ gbìn ín, ọjọ́ mélòó ló kọjá kí òjò tó rọ̀?