Gbogbo kọ́sítọ́mà ló ní kíákíá ni tòun

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni mí n'Íbàdàn, mo ní jọ́nímàn méjì tó ń bá mi rán aṣọ gbowó àti ọmọṣẹ́ mẹ́ta. Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì, aṣọ ẹbí ti kún ṣọ́ọ̀bù débi pé orí bẹ́ńṣì ò ṣeé jókòó mọ́, gbogbo kọ́sítọ́mà ló ń pariwo. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tá a ti ń sun ṣọ́ọ̀bù, jẹnẹrétọ̀ la fi ń ṣe é, síbẹ̀ aṣọ ò jáde. Jọ́nímàn mi kan ò wá mọ́ látọjọ́ Mọ́ńdè, kò gbé fóònù. Lánàá lóru, ọmọṣẹ́ mi kan so apá ọ̀tún mọ́ òsì lára bùbá léèsì. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rán báyìí? — Ìyá Ṣọ́ọ̀bù

ÌDÁHÙN: Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, ẹ kú wàhálà. Aṣọ mélòó lẹ ti gé tẹ́ ẹ ò tíì rán tán? Mo mọ̀ pé wọ́n pọ̀, torí èmi náà jókòó ti maṣíìnì fún ọdún mẹ́jọ kí n tó máa kọ̀wé. Ẹni tó bá pariwo jù la máa ń gbé tiẹ̀ síwájú, ẹlòmíì á tún dé á tún pariwo, a ó gbé ti àkọ́kọ́ jù sílẹ̀, òwú la ó máa yí, abẹ́rẹ́ la ó máa pààrọ̀, apá tá a ti gé la ó máa wá lábẹ́ tábìlì, ilẹ̀ á ṣú, ẹyọ kan ò ní tán.

Lálẹ́ òní ẹ má tan maṣíìnì kankan. Ẹ kó gbogbo aṣọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tí oníkálukú fẹ́ wọ tiẹ̀ mọ́ ọn lára, mo ní ọjọ́ tó fẹ́ wọ̀ ọ́ o, kì í ṣe ọjọ́ tó ní òun ń bọ̀ wá gbà á. Ẹ máa rí i pé àwọn kan tó ń dààmú yín láàárọ̀ lálẹ́, ìgbéyàwó ẹ̀yìn Iléyá ni wọ́n fẹ́ lọ, ilé wọn ló kàn sún mọ́ yín. Ẹ di tiwọn sínú àpò, ẹ gbé e kúrò lójú.

Ó wá ku ti Iléyá. Ẹ yọ ọjọ́ méjì tó gbẹ̀yìn kúrò fún ìdíwọ̀n àti ìwà NẸ́PÀ, ó ku ọjọ́ 12. Tó bá jẹ́ aṣọ mẹ́rin lẹ lè rán tán ní ọ̀sán ọjọ́ kan, 48 nìyẹn. Tí ti Iléyá bá wá jẹ́ 60, aṣọ 12 wà níbẹ̀ tí ò lè ṣeé ṣe, ẹ ò báà sun ṣọ́ọ̀bù títí ayé. Òní ni kẹ́ ẹ pe àwọn tó ni ín, ẹ má jẹ́ kó di àìsùn Iléyá. Àwọn tẹ́ ẹ ò tíì gé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè, torí aṣọ tí síṣọ́ọ̀sì ò tíì kàn, télọ̀ míì lè gbà á, ṣùgbọ́n èyí tẹ́ ẹ ti gé, ọrùn yín ló wà. Wọ́n á bú yín, ẹ fara mọ́ ọn.

Ẹ jáwọ́ nínú iṣẹ́ òru. Ẹ bi ọmọ yẹn iye wákàtí tó fi tú apá bùbá yẹn: òwú á ti wọ inú ihò léèsì, bíléèdì lèèyàn á fi máa wá a lọ́kọ̀ọ̀kan, tọ́wọ́ bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n aṣọ oníaṣọ ti ya. Ohun tẹ́ ẹ rán lóru lẹ fi ọ̀sán tú.

Ti jọ́nímàn yín, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé irú ohun tó ṣeé ṣe kó máa ṣe é yìí, tí òyìnbó ń pè ní burnout, wọ́n ní kì í ṣe àìsàn, wàhálà ibi iṣẹ́ tó pẹ́ lára tí wọn ò bójú tó ló ń fà á: okun á tán, ọkàn á kúrò níbi iṣẹ́, iṣẹ́ náà ò sì ní dáa mọ́. Ẹ lọ sílé ẹ̀ lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ mú owó aṣọ tó ti rán dání, ẹ jókòó díẹ̀. Ẹ má gbé aṣọ kankan lọ o.