Ẹgbẹ́ wo ló pàdánù jù lọ láàárín sáà kan nínú bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà?

Láti ọdún 1901 wá, Chicago White Sox ti ọdún 2024 ni. Nínú ìdíje 162 tí wọ́n kópa nínú rẹ̀, 41 péré ni wọ́n borí, wọ́n sì pàdánù 121, èyí tó fi ẹyọ kan ṣoṣo ju ti New York Mets lọ, ẹgbẹ́ tó pàdánù 120 lọ́dún 1962. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ nìkan, White Sox pàdánù ìdíje 21 léraléra.

Ṣùgbọ́n bí a bá ní ká ka ti ayé àtijọ́ mọ́ ọn, kò sí ẹgbẹ́ tó tó Cleveland Spiders ti ọdún 1899, tí wọ́n borí 20, tí wọ́n sì pàdánù 134. Ọwọ́ àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà wà nínú ọ̀rọ̀ tiwọn: àwọn kan náà ló tún ni ẹgbẹ́ ti ìlú St. Louis, ibẹ̀ ni wọ́n sì kó àwọn ògbóǹtarìgì wọn lọ, Cy Young, ajubọ́ọ̀lù olókìkí, pàápàá wà lára wọn. Nígbà tí òǹwòran kò yọjú mọ́, ìlú àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń parí sáà, títí wọ́n fi pàdánù 101 lẹ́yìn odi. Lójú tèmi, ìyà àìmọ̀dí ni wọ́n fi jẹ àwọn tó kù sẹ́yìn.

Nítorí pé gígùn sáà kì í dọ́gba, ìpín ìborí ni kí ẹ fi ṣe ìfiwéra: ẹ pín iye ìborí sí iye gbogbo ìdíje tó ní olúborí. White Sox ní 0.253, Spiders sì ní 0.130.